Kámẹ́rà Tó Ń Wá Ojú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò látàárọ̀. Èmi àti ọkọ mi ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ara mi ò sì tíì balẹ̀ títí di báyìí. Obìnrin yẹn kì í fepo bọyọ̀. Ó ní, "Bàbá, ojú òsì ti lọ, kò ní padà wá mọ́. Tọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù yìí tó parí. Ó lè dúró bó ṣe wà, ó tiẹ̀ lè mọ́lẹ̀ sí i. Tó bá kọjá oṣù yìí, mi ò lè ṣèlérí kankan."

Ọkọ mi ní, "Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tòsì ṣe sọ náà nìyẹn."

"Tòsì ti pẹ́ jù kí ẹ tó gbé e lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́." Ó dìde, ó ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, aṣọ fèrèsé ló dì mú. Èmi àti dókítà wo ara wa. Dókítà kọ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sórí káàdì, ó fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni aláìsàn.

Bí a ṣe délé báyìí, yàrá òkùnkùn ló wọ̀ lọ tààrà, ibi tó ti máa ń fọ fọ́tò láyé ìgbà tí fíìmù ṣì wà. Ó tan gílóòbù pupa, ó jókòó. Ibẹ̀ ló ń gbé láti ọdún tó kọjá. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ojú òun ti bá ti ẹlòmíì dọ́gba.

Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Má-ṣẹ́jú! Kò sẹ́ni tó jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ rí tí kò gbọ́ ọ: "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Má ṣẹ́jú." Òun náà ló wá di ẹni tó ń di aṣọ fèrèsé mú. Mo sunkún díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì nu ojú kó tó jáde wá jẹun. Bí ẹni pé yóò rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ gba oògùn tí à ń kán sójú nílé ìwòsàn. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń ya fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ fún káàdì ìdánimọ̀ wọn. Kí ó tó ya ẹnikẹ́ni, kámẹ́rà á kọ́kọ́ dún, pín-ín! Mo bi í léèrè pé kí ló ń dún.

Ó ní, "Màmá, ojú ènìyàn ló ń wá. Tó bá ti rí i, á dún, á sì fi igun mẹ́rin aláwọ̀ ewé yí i ká. Tó bá rí i, èmi ò tiẹ̀ nílò kí n máa wò ó mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Iyàn pẹ̀lú ọkọ mi kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ti jà á títí. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ wò ló ń tọ́jú ojú. Bí ó bá ní kámẹ́rà lọ́wọ́, bó ṣe bàìbàì tó, ọkàn rẹ̀ á tún máa fà sí ayé. Tó bá ti fà sí ayé, mo mọ bí mo ṣe máa fa ìyókù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo dé ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà. Wọ́n tò wọ́n sínú gíláàsì bí ẹni tó pàtẹ wúrà. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ rà á fún, Màmá?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé wọ́n mọ̀ nípa kámẹ́rà báyìí?"

Mo wò ó. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ló ya fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tó bí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà fún mi. Èyí ní báyìí, tọ̀hún ní báyìí. Mo ní nọ́ńbà kọ́ ni mo wá rà. Èyí tí mo fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi kí ìka lè mọ̀ ọ́n láìwò, sìkírínì ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Lékè gbogbo ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa dún kí etí gbọ́ ọ. Àkọ́kọ́ ń dún bí ẹ̀fọn. Ìkejì kò dún rárá. Ìkẹta pariwo débi pé ọmọ kan bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún kéré jù lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ gbé ìkẹrin, mo pa ojú mi méjèèjì dé, mo sì ń fi ìka wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ojú ni wọ́n fi ń ra kámẹ́rà o."

Mo bi í ní iye tó jẹ́, ó pè é, mo gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Màá padà wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbá yàrá iwájú, ibi tó ti máa ń ya oníbàárà. Eruku ibẹ̀ tó gbin ẹ̀wà sí. Àga oníbàárà ṣì wà ní ààyè rẹ̀, àga gíga tí kò lẹ́yìn, níwájú aṣọ ńlá tí wọ́n ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sí. Mo nù ún dáadáa. Mo wá gbé àpótí fọ́tò mi sọ̀ kalẹ̀ látòkè.

Fíìmù kan, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì. Àwọn ará ìlú ló ni ìyókù, ìkẹyìn jẹ́ tèmi. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn látìgbà tó ti fẹ́ mi. Oníbàárà lè dúró kó máa hó lẹ́nu ọ̀nà pé fọ́tò òun dà. Bí kò bá tíì ya ìkẹyìn, kò ní yọ fíìmù. Á wá pè mí látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: "Ìyàwó! Ó ku ọ̀kan!" Màá wá jókòó, òwú lórí, abẹ́rẹ́ láyà aṣọ. Á yà mí, màá sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ṣe kún àpótí.

Èyí àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo fọwọ́ ara mi rán ni mo wọ̀. Bọ́tìnnì kejì já bí mo ṣe ń sáré bọ̀, ọkọ mi kò sì jẹ́ kí n dúró rán an, ni mo bá fi ọwọ́ bo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà nínú fọ́tò títí dòní, ọwọ́ láyà bí ẹni tó ń búra. Ọmọge yẹn rẹwà o. Kí n má parọ́, mo jowú rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo gba aṣọ iléèwé rẹpẹtẹ láti rán. Ọrùn ń dùn mí. Àwọn oníyẹ̀yẹ́ tó ń ta òwú tún ti fowó lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti rà á! Ìkẹrin yẹn náà ni. Mo fi aṣọ iléèwé wé e wọlé bí olè.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ mi ti padà sí yàrá òkùnkùn. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́, ilẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀ púpọ̀. Mo ní kí n dán an wò kí n tó fún un. Mo kọjú rẹ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò dún. Mo kọjú rẹ̀ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri tí àwòrán ọmọ kékeré wà lára rẹ̀. Pín-ín! Igun mẹ́rin aláwọ̀ ewé yí ojú ọmọ náà ká. Inú mi dùn, mo kí kámẹ́rà pé ó káre. Mo wá kọjú rẹ̀ sí àga oníbàárà.

Pín-ín!

Mo gbé e kúrò lójú, mo wo àga. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún gbé e sójú. Igun mẹ́rin náà wà lókè àga, ibi tí orí ẹni tó bá jókòó máa wà gan-an. Kì í ṣe lára òdòdó, kì í ṣe lára àtẹ̀gùn. Ó sì ń rìn. Ó sún sósì díẹ̀, ó padà, ó dúró, bí ìgbà tí ènìyàn ń tún ìjókòó ara rẹ̀ ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò jáde sórí sìkírínì: àga, aṣọ ara ògiri, ó parí síbẹ̀.

Orí burúkú wo ni mo fi ra kámẹ́rà tó ti ya wèrè?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní aṣọ ara ògiri ló ń tàn án jẹ. Mo tú u, mo ká a. Ó ku ògiri funfun lásán. Mo gbé kámẹ́rà sójú, ó dún, ní ibi kan náà. Mo jáde sí ìta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òjò wínníwínní títí aládùúgbò fi bi mí pé ṣé kọ́kọ́rọ́ ló sọnù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà kọjú rẹ̀ sí àga, sí ilẹ̀kùn, sí agbòjò tó wà ní kọ̀rọ̀. Kò dún. Ó kọjú rẹ̀ sí mi. Pín-ín!

"Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó rí yín kedere."

"Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn."

Ó kùn bíi oyin, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni iléeṣẹ́ tó ṣe èyí, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Tí èyí náà bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá, a jẹ́ pé ilé yín lẹ máa pààrọ̀." Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èyí náà ń dún. Àga kan náà, ibi kan náà.

Àbúrò mi obìnrin yà kí mi lọ́sàn-án. Onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà! Ẹ̀rọ lásán-làsàn ló ń dẹ́rù bà yín? Ẹ gbé e wá." Ó ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí òun yà mí.

Pín-ín!

"Ẹ ò rí i? Ó ti rí yín." Ó tẹjú mọ́ sìkírínì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀."

Mo sún.

"Ẹ tún sún."

"Kí ló dé?"

"Igun mẹ́rin yìí ò tẹ̀lé yín."

"Níbo ló wà?"

Mo sún títí mo fi kan ògiri, ó sì ń wo sìkírínì, ó ń wo àga, ó ń wò mí. Ó rọra gbé kámẹ́rà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. Ó mú báàgì rẹ̀. "Mo gbé nǹkan kaná sílé."

"O ò gbé nǹkan kan kaná! Ìsọ̀ lo ti ń bọ̀."

Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe àga nìkan. Ní ṣọ́ọ̀bù, kámẹ́rà rí mi. Nínú ilé mi, èmi ni kò rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo dojú àga dé. Kò dún. Mo yọ̀, mo lọ se oúnjẹ. Nígbà tí mo padà gbé e nàró, mo kọjú kámẹ́rà sí i, kò dún. Mo ní ọpẹ́ o. Mo fẹ́ gbé e kúrò lójú báyìí ló dún, bí ẹni pé ẹni náà ń dúró kí n tún àga ṣe tán kó tó jókòó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?" Èmi, ìyá àgbà, mo ń fi "ẹ" kí àga.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo ti tò ó lọ́kàn pé Ọjọ́ Àìkú ni màá fún un, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé kalẹ̀ létòlétò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí eyín ń dunni tí ahọ́n kò yéé lọ síbẹ̀. Mo tún gbé e lọ́sàn-án òní, ó dún, ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn sì ṣí.

"Kí ló ń ké bí òròmọdìẹ yẹn?"

Mo fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀bùn ni, Bàbá wọn. Tiyín ni."

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára rẹ̀. Ọwọ́ yẹn kò gbàgbé nǹkan kan. "Níbo ni fíìmù ń gbà wọlé?"

"Kò ní fíìmù."

"Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ìgbà tó máa tán?"

"Kì í tán."

Ó ṣe hẹ̀n-ẹ̀n. "Ohun tí kì í tán, kò ní ìkẹyìn nìyẹn." Mo rí i pé kò dùn mọ́ ọn nínú. Mo sáré ṣàlàyé ohùn rẹ̀ fún un, pé ojú ènìyàn ló ń wá, pé tó bá dún, kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sójú ọ̀tún. Mo gbé abọ́ omi tí mo fi nu ilẹ̀, mo fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí.

Pín-ín!

Ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ bíi ti ìgbà ọ̀dọ́. "Háà, o ti jókòó? Ìyàwó, gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Omi ń gbọ̀n nínú abọ́ lọ́wọ́ mi.

"Má ṣẹ́jú."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí tòsì ti lọ. Ó ní, "O ṣeun." Èmi kọ́ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó jẹun, ó béèrè sí i. Ó fá irùngbọ̀n. Kò wọ yàrá òkùnkùn lónìí. Yàrá iwájú ló wà, pín-ín, pín-ín, títí bátìrì fi tán. Mo ń gbọ́ ọ látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo mú káàdì dókítà wá. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì yìí ni o."

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe? Mo ń rí ẹ dáadáa báyìí. Kò mọ́lẹ̀ tó báyìí láti ọjọ́ pípẹ́."

Ohun tí mo rà kó lè mú un tọ́jú ojú, òun ló wá ń sọ fún un pé kò nílò ojú mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, yóò jókòó sí yàrá iwájú títí ayé, yóò máa rẹ́rìn-ín sí àga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òjò líle, ìjì fa páànù kan ya lẹ́yìn ilé. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo wọlé bá a. Kámẹ́rà wà lójú rẹ̀.

"Bàbá wọn, èmi kọ́ nìyẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. O ti kọjá lẹ́yìn mi, mo gbọ́ omi tó ń gbọ̀n nínú abọ́." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ń sọ iye tí iṣu jẹ́. "Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ bo àyà. Láti àná ó ti gbé ọwọ́ kúrò. Bọ́tìnnì kejì ti já, òwú rẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro."

Fọ́tò yẹn kò fi ibẹ̀ hàn rí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òwú rẹ̀ kù. Ọwọ́ mi kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi bọ́ aṣọ náà.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Ìyàwó mi ni. Ẹni yẹn kì í dárúgbó."

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé sí mi, kí ẹkún tó dé. Mo kígbe. Mo ní, "Èmi ńkọ́? Èmi tí mo dárúgbó nínú ilé yìí, tí mo ń kán oògùn sí yín lójú, tí mo ń fọ àwo tí ẹ fi ń jẹun, ta ló máa wo èmi? Ṣé kí èmi náà lọ wá àga tí màá jókòó sí ni?"

Òjò ń lu páànù. Mo jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún ara mi pé ilé mi ni, ọkọ mi ni, àga náà kò sì ju igi lọ. Mo wọlé bá ọkọ mi ní ọ̀sán gangan, mo so ìró mi le, mo jókòó lórí rẹ̀.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó wù mí kí n fò sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú.

"Ẹ yà mí," mo wí.

Ó gbé e sójú. A dúró. A dúró títí.

"Kò dún," ó ní.

"Mo wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́ ẹ. Kò dún." Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ẹni tó ń rìn nínú odò. Ìka rẹ̀ kan iwájú orí mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi.

"Kí lèyí?"

"Ìlà ojú mi ni."

"Ìgbà wo ló dé?"

"Ìgbà tí ẹ wà nínú yàrá òkùnkùn."

Ó fi ìka tọ ọ̀kan dé òpin, ó tún tọ òmíràn. "Mi ò yà á rí."

"Báwo lẹ ṣe máa yà á? Ẹ ò rí i rí."

Ó dúró pẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lójú mi. Nǹkan kan tutù lẹ́yìn ọrùn mi, bí èémí ẹni tó dúró sẹ́yìn èèyàn láti wo ohun tó ń ṣe. Mi ò wẹ̀yìn. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò wẹ̀yìn.

Ó ní, "Aago mélòó ni dókítà ní ká dé lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo tú agolo bọ́tìnnì mi. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí ọ̀kan tó bá ti aṣọ yẹn mu. Mo gbé e sórí àga oníbàárà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú aláwọ̀ ewé. Mo ní, "Èmi ni mo rán aṣọ yẹn, mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́ pé kò pé. Gbà. Jọ̀wọ́, jẹ́ kó rí èmi náà." Mo ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

Tí àbúrò mi bá gbọ́, á ní kí wọ́n wá dì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n gbé ọkọ mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn kì í jẹ́ kí a kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Dókítà ní iṣẹ́ lọ bó ṣe yẹ, àmọ́ kí a dúró dọjọ́ tí wọ́n bá tú bándéèjì kí a tó dúpẹ́. Mo sáré wálé mú aṣọ rẹ̀. Mo ṣí yàrá iwájú.

Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Òwú wà níbẹ̀, ó ti dín kù. Bọ́tìnnì kò sí. Mo kúnlẹ̀ wá a, mo gbá abẹ́ àga, mo gbọn aṣọ ògiri, mo yẹ kọ̀rọ̀ gbogbo wò. Fèrèsé tì, kọ́kọ́rọ́ kò kúrò nídìí mi.

Mo mú kámẹ́rà, mo kọjú rẹ̀ sí àga. Kò dún. Mo dúró bíi ti ọjọ́sí. Kò dún. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó ṣe mí bí ìgbà tí aládùúgbò kó lọ láì dágbére.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje

Wọ́n tú bándéèjì láàárọ̀. Ó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri dé ìlà kẹta. Dókítà pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, mo ń sunkún. Nígbà tó kọjú sí mi, mo fi gèlè bo ojú. Ẹ̀rù ohun tó máa rí ló bà mí.

A délé lọ́sàn-án, oòrùn ti là. Kò di ògiri mú. Yàrá iwájú ló wọ̀ lọ tààrà, ó mú kámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fọ́tò tó yà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àga. Àga. Àga. Ó wò wọ́n dé òpin, kò fo ọ̀kan.

"Gbogbo ẹ̀ ni?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá wọn."

Ó mí kanlẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa bọ́tìnnì, nítorí mi ò sọ fún un. "Tú gèlè yẹn kúrò lójú. Wá jókòó."

Mo jókòó. Àga tutù bí igi ṣe máa ń tutù. Ó gbé e sójú.

Pín-ín! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti ń bẹ̀rù pé á dún lẹ́ẹ̀mejì.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ sáyà, ó sì fi ojú lásán wò mí. Ó wò mí bó ṣe fi ìka tọ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ó ti dàgbà," ó ní.

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ lọ wo dígí." Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé mi. "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," ó ní, "má ṣẹ́jú," omi sì ń bọ́ lójú òun alára. Ó tẹ̀ ẹ́.

Mo dìde láti padà sídìí ẹ̀rọ mi, bí mo ṣe máa ń ṣe tó bá ti ya tèmi tán.

"Ó ku mélòó nínú ẹ̀?" ó bi mí.

"Mo ti sọ fún yín. Kì í tán. Kò ní ìkẹyìn."

"Nígbà náà, má tíì dìde."